Ìwé Saeedah Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá

Orí WhatsApp ni wọ́n ti fi kúẹ́rì ránṣẹ́ sí Saeedah Àbdùlsàlámì, nígbà tí ọmọ tó bí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Ọ̀sẹ̀ méje péré! Ọmọ wà lẹ́nu ọmú, ìyá jókòó sórí ẹní nínú ilé wọn ní Òkèlele, ó ní kí òun wo fóònù bóyá ọkọ òun ti rí nápíkìn rà, ni àwòrán ìwé kan bá yọ sí i lójú, òǹtẹ̀ ilé-ìwé gbàǹgbà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó fèsì láàárín ọjọ́ méjì, kí ó sọ ìdí tí àwọn kò fi ní lé e dànù lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dí ẹ̀rọ ilé-ìwé pa kí ẹlòmíràn má baà lè fọwọ́ kàn án.

Mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gún un lọ́kàn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ní Tanke tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Kò jalè rí, kò parọ́ rí, kò sí ìgbà tí wọ́n pè é tí kò dáhùn. Ó tilẹ̀ dáhùn ìpè wọn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú ọmọ lórí itan àti àwọn ààfáà ní pálọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Bí inú kò bá bí èèyàn sí èyí, kí ni inú yóò tún máa bí èèyàn sí?

Inú ilé amọ̀kòkò ni wọ́n bí Saeedah sí. Títí di òní, ìyá rẹ̀ ṣì ń mọ ìkòkò ní Dada. Kí Saeedah tó mọ ábídí ló ti mọ amọ̀ tó dára yàtọ̀ sí amọ̀ olókùúta. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló kọ́ ní pólì, kọ̀ǹpútà náà ló sì gbé e dé Tanke. Òun ni wọ́n fi sídìí sáfà, ẹ̀rọ ńlá tó gbé pọ́tàlì ilé-ìwé ró, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ń tẹ èsì ìdánwò wọn jáde. PHP ni orúkọ ohun tó ń mú pọ́tàlì náà ṣiṣẹ́. Bí PHP bá dákẹ́, pọ́tàlì dákẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà gbé PHP sórí ẹ̀rọ. Èyí tó rọrùn ni pákéèjì: àwọn kan ti kọ́ ọ tán, wọ́n ti dì í sílẹ̀, ìwọ á kàn tẹ àṣẹ kan, yóò sì wọlé fúnra rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Bí àtúnṣe bá dé, àṣẹ kan náà ni. Èyí tó le ni kí o gba sọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ ara wọn kọ, kí o to gbogbo ohun tí o fẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, ìyẹn kí o sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, lórí ẹ̀rọ tìrẹ. Ìyẹn ń gba wákàtí, ó ń gba sùúrù, bí o bá sì gbàgbé ohun kan ṣoṣo, àfi kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó le ni Saeedah ṣe. Kì í ṣe fáàrí. Nígbà tó débẹ̀, inú dátábéèsì àtijọ́ kan ni èsì gbogbo ọmọ ilé-ìwé wà, kò sì sẹ́ni tó ní ìgboyà láti tú u. PHP nílò àfikún kan kó tó lè bá dátábéèsì yẹn sọ̀rọ̀, pákéèjì ìgbà náà kò sì ní in. Kí ni kí ó ṣe? Ó gba sọ́ọ̀sì, ó kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, ó fi àfikún yẹn sí i, èsì sì jáde. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ìròyìn bá dé pé wọ́n rí ihò kan tí olè lè gbà wọlé, àfi kí ó tún un kọ́ láti ìpilẹ̀. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ló ti ṣe é. Àwọn tó ń lo pákéèjì á ti parí tiwọn, wọ́n á ti lọ jẹun, Saeedah á ṣì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

Nítorí pé ó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, ó ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ní Ọjà Tuntun. Bísímílláhì ló fi bẹ̀rẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ síbẹ̀ pẹ̀lú déètì: àṣẹ tó tẹ̀, ohun tó tò sínú PHP, ibi tó kó o sí, àti bí èèyàn ṣe lè dá a padà bó bá bàjẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé hàǹtú ló ń kọ bí ààfáà. Saeedah á rẹ́rìn-ín, á ní àmáná, ìyẹn ohun ìfọkàntán, ni iṣẹ́ tí wọ́n bá fi síni lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n fi àmáná sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sórí kí ó sì bá a kú.

Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, ó gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àríyọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Àríyọ̀, ọkùnrin tó mọ táì í dè, tó sì mọ bí a ti ń lo òǹtẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso ni kí wọ́n tó fi í ṣe olùdarí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó fi Àríyọ̀ joyè kò gbọ́ òwe yẹn rí.

Saeedah ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fún Ìtùnú. Òun ló máa dúró dè mí. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé yìí.”

Àríyọ̀ wo ìwé náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. “Ìyá Ìkókó, má ṣèyọnu. Ohun ìní ilé-ìwé ni èyí. A ò lè máa gbé e kiri.”

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ki ìwé náà bọ abẹ́ àwọn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ó tì í, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìtùnú, ọmọbìnrin tó ń bá Saeedah ṣiṣẹ́, kò fojú kan ìwé náà rí. Bí a ti ń ṣe ní ọ́fíìsì wa nìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá á tì í pa, á ní òun ń tọ́jú rẹ̀.

Ìtùnú ló pe Saeedah lẹ́yìn tí kúẹ́rì dé, tó sì ro gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

“Àǹtí, wọ́n mú kọnsọ́ltáǹtì wá. Toyyib lorúkọ ẹ̀. Bó ṣe dé ìdí sáfà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló tún ń kọ̀ǹpáìlì PHP láyé òde òní, ó ní ìyà ló ń jẹ wá.”

“Kí ló wá ṣe?”

“Ó fi pákéèjì sí i lójú ẹsẹ̀. Mọ́ńdè, Àǹtí, láàárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń tẹ èsì wọn. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀gá ní kí n jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́, ó ní mi ò gbọdọ̀ pè yín.”

Toyyib tẹ àṣẹ tó ń fi irú PHP tó wà lórí ẹ̀rọ hàn, ti tuntun ló jáde, ó ń dán gbinrin. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Wákàtí kan kò tíì pé tí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn fi dé ẹnu ọ̀nà. Pọ́tàlì ṣí o, ṣùgbọ́n ojú ewé èsì funfun báláú. Pákéèjì kì í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń di àwọn àfikún, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan ni yóò dárúkọ rẹ̀. Toyyib kò béèrè ohun tí pọ́tàlì ń lò kó tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, ní Fúráídè ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń gba orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tuntun máa ti ilẹ̀kùn. Igba ọmọ ó lé ni kò rí èsì tẹ̀, oòrùn Tanke sì ń pa wọ́n níta.

Nígbà tí Toyyib fi ọjọ́ méjì wá ojútùú tì, ó ní ẹni tó kọ́ ti tẹ́lẹ̀ ló fi nǹkan há a, kí wọ́n má baà lè ṣe é láìsí ẹni yẹn. Àríyọ̀ sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ wàrà-wàrà, nítorí pé ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ó pe akọ̀wé, ó ní kó tẹ kúẹ́rì.

Saeedah gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, tó wá láti Dada láti bá a tọ́jú rẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ ojú ewé mẹ́rin èsì, ó fà á ya. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe omijé ìbànújẹ́, ìbínú ni. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn yìí lé e lọ, ta ló tún máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Ìlọrin? Iṣẹ́ lè bọ́ kí èèyàn rí òmíràn. Orúkọ tó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ìyá rẹ̀ tó ń wẹ ọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́.

“Má kọ ìwé kankan sí wọn. Ìwé tí o kọ tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n kà á? Gbé ọmọ rẹ pọ̀n, kí o lọ bá wọn lójúkojú.”

Ní Tọ́sìdè, Saeedah pọn ọmọ, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìpàtà, ó tún wọ òmíràn lọ sí Tanke. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sábẹ́ igi ń wò ó bó ṣe ń kọjá. Ẹlòmíràn nínú wọn ti gbọ́ pé Saeedah ló dí pọ́tàlì pa, kò sì kí i. Ìyẹn tún dá kún un.

Rẹ́jísírà ilé-ìwé, Hajia Ládi Bẹ̀llò, ló jókòó sórí àga ọ̀gá ní ọ́fíìsì Àríyọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹ̀ka kan. Àríyọ̀ wà lápá ọ̀tún, Toyyib wà lápá òsì pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, Ìtùnú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hajia rí ọmọ lẹ́yìn Saeedah, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó nìyí?”

“Ọ̀sẹ̀ méje, mà.”

Hajia wo Àríyọ̀. “Ẹ ò sọ fún mi pé ìsinmi ìbímọ ló wà.” Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun rèé, àgbà rèé, ẹ sọ fún mi ohun tí àgbà ń wò.

Àríyọ̀ wúkọ́. “Hajia, ẹ jẹ́ ká dojú kọ kókó ọ̀rọ̀. Arábìnrin yìí kọ̀, kò lo pákéèjì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, kí ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Èmi ti ń sọ fún un tipẹ́.”

Saeedah rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó yíjú sí Toyyib dípò rẹ̀.

“Toyyib, ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́. Ibo ni pákéèjì yín kó PHP tirẹ̀ sí?”

Toyyib sọ ibi tó wà.

“Ṣé ibẹ̀ ni tèmi wà?”

Ó ronú díẹ̀. “Rárá. Tiyín wà ní ààyè tirẹ̀. Mi ò pa á rẹ́.”

“Kí lẹ wá yí padà?”

“Ìlà tó ń júwe ọ̀nà fún sáfà. Mo fi àmì dí i lójú, mo kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀, mo rò pé ti àtijọ́ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Nítorí náà tèmi ṣì wà níbẹ̀ lódidi. Ìlà kan lẹ dí. Ta ló wá dí ẹ̀rọ pa, èmi àbí ẹ̀yin?” Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. “Ó wà nínú ìwé mi, ojú ewé kọkànlélógójì, bí èèyàn ṣe lè dá a padà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wò ó?”

“Ìwé wo?” Toyyib la ẹnu. “Mo béèrè ìwé lọ́jọ́ tí mo dé. Wọ́n ní ẹ ò fi ìwé kankan sílẹ̀.”

Ìtùnú ń wo ilẹ̀. Saeedah na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù onírin.

“Hajia, ẹ ní kí wọ́n ṣí i.”

Àríyọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ wà nílé. Hajia ní kó wá àpò rẹ̀ wò. Ó wá àpò òsì, ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó kan àpò ọ̀tún, kọ́kọ́rọ́ dún woro. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a, tibí yìí kò tilẹ̀ rìn kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ àwọn kàlẹ́ńdà, eruku ti bò ó. Hajia fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bí ẹni tó mọ̀wé ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ sì bá mẹ́mò méjì tí Saeedah fi pín-ìn-nì so mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ka àkọ́kọ́ sókè.

Èyí kì í ṣe ìwé ẹni tó ń fi iṣẹ́ pamọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Saeedah kọ ọ́ sí Àríyọ̀. Ó ní àfikún tí àwọn ń wá ti dé sínú pákéèjì báyìí, ó dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn nígbà ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn sì kó kúrò nínú kíkọ̀ǹpáìlì, kí iṣẹ́ ilé-ìwé má baà so mọ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Mẹ́mò kejì, ti ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ló tún bẹ̀bẹ̀ fún. Lórí méjèèjì, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi bírò pupa kọ, ìfọwọ́sí Àríyọ̀ sì wà níwájú rẹ̀: KIV.

Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ó túmọ̀ sí pé a ó máa wò ó. Ó sì túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò ní wò ó mọ́ láé.

“Ọdún méjì!” Saeedah kò lè pa á mọ́ra mọ́. “Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ̀ yín sà, pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká lo pákéèjì. Ẹ̀yin lẹ fi mí sídìí kíkọ̀ǹpáìlì. Ẹ ti ìwé mi pa, ẹ ní mi ò kọ̀wé. Ẹ wá fi kúẹ́rì ránṣẹ́ sí mi lórí ẹní ọmọ. Wàllàhí, ẹ ò ṣe é dáadáa!”

Ọmọ jí, ó fi ẹkún bọnu. Kò sí ẹni tó ní kí ó mú un dákẹ́.

Toyyib ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ máà bínú, mà. Ká ní mo rí ìwé yẹn ni.” Saeedah rí i pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kò sọ pé kò burú, nítorí pé ó burú.

Saeedah kò dé ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó gbé ìwé lé Ìtùnú lọ́wọ́, ó jókòó, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìtùnú ṣí ojú ewé kọkànlélógójì, ó ń kà, ó ń tẹ̀. Ó yọ àmì kúrò lójú ìlà ti tẹ́lẹ̀, ó fi dí ti tuntun, ó ní kí sáfà tún bẹ̀rẹ̀. Èsì jáde. Láìpẹ́ ariwo ayọ̀ gba ìta kan, Hajia sì dìde lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Kó tó jáde, ó ní kí Àríyọ̀ kọ̀wé fagi lé kúẹ́rì náà, kó sì fọwọ́ sí i kí wákàtí tó ń bọ̀ tó pé.

Àríyọ̀ kọ ọ́. Saeedah kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú báàgì ọmọ. Ó ti ń múra àtilọ nígbà tí Àríyọ̀ fa mẹ́mò ọdún méjì sẹ́yìn yẹn sí iwájú ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wá rọ̀ bí ẹ̀kọ.

“Ìyá Ìkókó, ohun tí o fẹ́ náà nìyí. Pákéèjì. Jẹ́ kí n fọwọ́ sí i báyìí.”

Ó kọ ọ́ sábẹ́ KIV pé òun gbà á. Bírò rẹ̀ wá sún lọ síbi déètì. Ó kọ ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n kọ mẹ́mò náà gan-an, bẹ́ẹ̀, oṣù kẹwàá la wà.

Saeedah gbá ọwọ́ lé ìwé náà. Ohun tí Àríyọ̀ fẹ́ ṣe yé e kíákíá. Bí àṣẹ bá ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, a jẹ́ pé ọ̀gá ti gbà, Saeedah ni kò ṣiṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Kúẹ́rì òní á lọ, ti ọ̀la á dé, ìwé á sì wà nínú fáìlì láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

“Kí fáìlì lè gún ni,” Àríyọ̀ ní. “Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ fa igi lé e. Déètì òní.”

“Saeedah.”

“Òní, sà.”

Ó fa igi lé e. Ó kọ ọjọ́ òní, ó kọ oṣù, ó dúró níbi ọdún, ó gbójú sókè bóyá obìnrin náà á gbé ọwọ́ kúrò. Ọmọ ti sùn padà léjìká rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ọmọ, èkejì wà lórí ìwé, kò sì gbé e.

“Ọdún wo la wà, sà?” ni ó béèrè.

Àríyọ̀ kọ ọ́.